Ọwọ́ Òsì Ọlọ́kadà

Nígbà tí wọ́n ní kí a kọ ìtàn ohun kan tó yí ìgbé ayé àwọn ará àdúgbò wa padà, rélùwéè ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú. N kò bá wọn jiyàn. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ wà ní Mọ́níyà níbí, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ti Èkó bọ̀ ti ń já èrò láti ọdún 2021. Ṣùgbọ́n bí èrò bá ti sọ̀kalẹ̀ tán, ta ní ń gbé wọn délé? Ọlọ́kadà ni. Ta ní ń gbé ẹ̀gẹ́ àti ewébẹ̀ jáde láti àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà Ìjàyè, Ìrókò àti Alábàtà? Ọlọ́kadà náà ni. Nínú ọ̀kadà yìí, ohun kan wà tó kéré débi pé a lè kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ọbẹ̀ kan. Kílọ́ọ̀ṣì ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo yàn. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa fi mí rẹ́rìn-ín pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi kílọ́ọ̀ṣì ṣe. Ìbéèrè wọn yẹn gan-an wà lára ìtàn tí mo fẹ́ sọ, nítorí láti ìgbà tí alùpùpù ti dé ilẹ̀ wa, kílọ́ọ̀ṣì wà lára ohun tó ń pinnu ẹni tó lè gùn ún àti ẹni tí kò lè gùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí bàbá mẹkáníìkì kan ní Mọ́níyà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí ẹ́ńjìnì bá ti jí, kò gbọdọ̀ dúró. Tó bá dúró, ó kú nìyẹn. Táyà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èrò kò ní lè gùn, kò sì ní lè sọ̀. Báwo wá ni ohun tí kò gbọdọ̀ dúró àti ohun tó gbọ́dọ̀ lè dúró ṣe fẹ́ máa gbé pọ̀? Kílọ́ọ̀ṣì ló ń là wọ́n. Àwọn àwo pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n tò léra wọn bí ìgbà tí olóúnjẹ bá to àwo. Ẹ́ńjìnì ló ń yí apá kan lára wọn, apá kejì so mọ́ jíà àti táyà, sípíríǹgì sì fún gbogbo wọn pọ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì fa irin kílọ́ọ̀ṣì, wáyà yóò tú sípíríǹgì, àwọn àwo yóò jáwọ́ lára ara wọn, ẹ́ńjìnì yóò máa kùn lọ láìjẹ́ pé táyà mọ̀ sí i. Bí a bá ń dá irin náà padà díẹ̀díẹ̀, wọn yóò tún gbá ara wọn mú. Inú “díẹ̀díẹ̀” yẹn ni wàhálà wà. Ẹni tó bá tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá kí alùpùpù fò sókè bí ẹṣin tí wọ́n gún ní kẹ́sẹ́, bóyá kó kú síwájú tírélà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn kì í rántí pé àwọn kọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Oríṣi kejì kò fẹ́ ọwọ́ rárá. Bàbá yìí ní tí mo bá ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko àgbàdo rí, mo ti mọ̀ ọ́n. Bí a bá ń fi kànnàkànnà yí lókè orí, òkúta inú rẹ̀ yóò máa fà jáde. Bí a bá ṣe ń yára tó ni yóò ṣe máa fà tó, títí okùn yóò fi le tantan. Nínú kílọ́ọ̀ṣì òtòmátíìkì, irin kéékèèké ló wà nípò òkúta yẹn. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́, àwọn irin náà á jókòó sáàárín, àwọn àwo kò ní kan ara wọn. Bí a bá fún un níná, tí ẹ́ńjìnì yára, irin á fà sí ẹ̀gbẹ́, á sì ti àwọn àwo mọ́ra, alùpùpù á gbéra. Bí iná bá lọ sílẹ̀, irin á padà sáàárín. “Díẹ̀díẹ̀” tí ọwọ́ òsì wa ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́, ẹ̀rọ náà ti mọ̀ ọ́n láti ilé-iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ṣe alùpùpù, kílọ́ọ̀ṣì kò jẹ wọ́n lógún tó báyìí. Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé ẹ́ńjìnì sórí kẹ̀kẹ́ onígi kan ní Jámánì ní 1885. Ní 1894, Hildebrand àti Wolfmüller bẹ̀rẹ̀ sí í ta tiwọn ní ìlú Munich. Tiwọn yìí kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Irin tó ti ara ẹ́ńjìnì wá ló ń yí táyà ẹ̀yìn tààrà. Ẹni tó fẹ́ gùn ún ní láti máa ti í, kó máa bá a sáré, kó tó fò lé e lórí bó bá ti jí. Tó bá fẹ́ dúró, ẹ́ńjìnì á kú, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí títì. Ẹ rò ó wò pé kí ọlọ́kadà Òjòó máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo tí èrò bá ti ní “ó wà o.” Díẹ̀díẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ fi di ti gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ òsì ṣe gba iṣẹ́ tí kò tíì fi sílẹ̀ títí dòní.

Japan ni wọ́n ti wá bọ́ iṣẹ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ òsì fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀rẹ́ méjì ló wà nídìí Honda, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Soichiro Honda mọ irin, Takeo Fujisawa mọ ọjà. Àwọn méjèèjì jọ rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù ní 1956, wọ́n ń wo àwọn alùpùpù kéékèèké tí wọ́n ń gùn níbẹ̀, Fujisawa sì ń sọ pé kò sí èyí tó bá ilẹ̀ àwọn mu nínú wọn. Ojú ọ̀nà Japan kò dára nígbà náà. Ẹni tó sì wà lọ́kàn Fujisawa ni ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri fún ilé oúnjẹ sóbà, oúnjẹ kan tó rí gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ọ̀rọ̀ bí Indomie. Ọwọ́ kan ni ọmọ yìí fi ń gbé àwo oúnjẹ, ọwọ́ kan ló kù fún un láti fi darí ohun tó ń gùn. Fujisawa fẹ́ alùpùpù tí ọmọ yẹn lè fi ọwọ́ kan gùn. Ó sì fẹ́ kí wọ́n bo ẹ́ńjìnì àti wáyà rẹ̀ kí ẹ̀rù má bàa ba àwọn obìnrin láti fọwọ́ sí i kí wọ́n rà á sínú ilé.

Oṣù Ògún 1958 ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n pè é ní Super Cub. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò tó 50cc. Jíà mẹ́ta ló ní, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá sì ti tẹ jíà ni kílọ́ọ̀ṣì ń tú fúnra rẹ̀. Irin kílọ́ọ̀ṣì kò sí lápá òsì rárá. Kódà bọ́tìnnì iná tí a fi ń júwe ibi tí a fẹ́ yà sí, apá ọ̀tún ni wọ́n gbé e sí, kí ọwọ́ òsì lè ráyè gbé oúnjẹ. Àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó ró aṣọ lè gbé ẹsẹ̀ kọjá láìká aṣọ sókè. Nígbà tó fi di 2017, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù lọ́nà 100 lára ẹbí Super Cub yìí káàkiri àgbáyé. Tí ẹ bá bi mí, n kò rò pé ọkọ̀ mìíràn wà tí ọmọ agbóúnjẹ kan ní ipa tó bẹ́ẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe ṣe é.

Àwọn àgbà Mọ́níyà kò mọ̀ nípa sóbà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ Honda yẹn dáadáa. Orí ni àwọn baba ńlá wọn fi ń ru ẹrù láti oko, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni àwọn tó rówó kòkó fi tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn alùpùpù Japan dé: Honda 50 àti C70, Suzuki FR80, Yamaha V80. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí, kílọ́ọ̀ṣì wọn kò fẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ìjọba san owó Udoji ní ìparí 1974 sí 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù wọn ṣàdédé ga sókè sáré lọ ra ọkọ̀, rédíò tàbí alùpùpù. Ní 1979, Honda dá ilé-iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni láti abúlé dé abúlé, àwọn aṣojú iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn wolé-wolé, àwọn ni àwọn àgbà ń rántí lórí àwọn alùpùpù wọ̀nyí.

Ìyá ìyá mi ní àwòrán kan tó tọ́jú sínú Bíbélì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló wà níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ funfun, ó jókòó lórí Honda. Ìyá àgbà ní òun ló gbẹ̀bí ìyá mi, pé bí wọ́n bá ti wá pè é lóru láti abúlé, yóò gbé báàgì rẹ̀, yóò sì gun Honda lọ, láìdúró de ọkùnrin kankan. Mo wo àwòrán yẹn dáadáa. Ọwọ́ òsì nọ́ọ̀sì náà ló fi di báàgì mú lórí itan, ọ̀tún wà lórí ọwọ́ alùpùpù. Mo wá irin kílọ́ọ̀ṣì lápá òsì, kò sí níbẹ̀.

Àwọn alùpùpù tí kò fẹ́ ọwọ́ yìí náà ló wà lára èyí tó kọ́kọ́ di ọ̀kadà. Gígùn alùpùpù fún owó ti bẹ̀rẹ̀ láwọn ìlú bíi Calabar kó tó gbilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, owó náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kúrò ní ohun tí tálákà lè rà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́. Ẹni tó bá ní alùpùpù nílé gbé e jáde láti fi wá oúnjẹ. Àwọn èèyàn sì fi orúkọ ọkọ̀ òfúrufú Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, pe alùpùpù náà, bí ìgbà tí a bá ń yẹ̀yẹ́ ara wa pé ọkọ̀ òfúrufú tiwa nìyí. Okada Air ti kógbá sílé tipẹ́. Orúkọ rẹ̀ ló ń gbé wa lọ sọ́jà.

Iṣẹ́ akérò ló wá lé kílọ́ọ̀ṣì òtòmátíìkì lọ. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ tó gbé àwo oúnjẹ kan, a di èrò méjì àti àpò gààrí lé e lórí. Bí alùpùpù bá gbé ẹrù wúwo gun òkè nínú ẹrẹ̀, ẹ́ńjìnì á fẹ́ lọ sílẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀, àwọn irin inú kílọ́ọ̀ṣì kò ní fà dáadáa, àwọn àwo á máa yọ̀ lára ara wọn, wọ́n á gbóná, wọ́n á jó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní irin kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ lè fún ẹ́ńjìnì níná dáadáa kó tó máa tú ọwọ́ sílẹ̀, kó fi ọgbọ́n yọ ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tó gùn tó kìlómítà 65, kò tíì rí àtúnṣe tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣe sí i, ọgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó délé àti ẹni tó sùn sọ́nà. Ohun mìíràn tún wà: alùpùpù ọlọ́wọ́ tí bátìrì rẹ̀ kú tàbí tí irin ìtají rẹ̀ bàjẹ́, a lè ti í kó jí. Èyí tó jẹ́ òtòmátíìkì pátápátá, bí a tì í títí dé Ọ̀yọ́, àwọn àwo rẹ̀ kò ní mú ara wọn níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì kò bá yí.

Ni Suzuki AX100 bá gba ojú ọ̀nà, Jincheng ti Ṣáínà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Bajaj Boxer dé láti Íńdíà. Gbogbo wọn ló ní irin kílọ́ọ̀ṣì lápá òsì. Boxer kì í mu epo púpọ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ lágbára, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. N kò lè dá ọlọ́kadà lẹ́bi pé ó yan èyí tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀.

Nínú ìwé tí a ń kà nípa ẹ̀rọ, ohun tó ṣòro ló máa ń ṣáájú, èyí tó rọrùn a sì wá gba ipò rẹ̀. Bàbá mẹkáníìkì ní ọ̀tọ̀ ni tiwa. Èyí tó rọrùn ni àwọn bàbá Mọ́níyà kọ́kọ́ gùn. Nígbà tí àwọn alùpùpù ọlọ́wọ́ dé, àwọn tó ti ń gun Honda láti ogún ọdún ní láti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ bí ọmọdé. Ó ní òun rí olùkọ́ àgbà kan tó ta AX100 tuntun tí wọ́n rà fún un láàárín oṣù kan, tó padà sórí FR80 rẹ̀ tó ti gbó.

Àwọn obìnrin ni mo rò pé ó pa lára jù. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé obìnrin kì í gun alùpùpù nílẹ̀ wa, pé àṣà ni. Àwòrán inú Bíbélì ìyá àgbà kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Àwọn alùpùpù tí kò fẹ́ ọwọ́ kò parẹ́, àwọn ti Ṣáínà tó jẹ́ 110cc ṣì wà, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n wá ń pè wọ́n ni “lédíìsì.” Ẹ wo bí orúkọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Alùpùpù tí olùkọ́ ọkùnrin àti nọ́ọ̀sì obìnrin jọ ń gùn tẹ́lẹ̀ di ti obìnrin nìkan, ojú sì ń ti ọkùnrin láti gùn ún. Bí àwọn ọkùnrin ṣe fi í sílẹ̀ ni ẹ̀yà ara rẹ̀ ń wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, bó sì ṣe ń wọ́n ni obìnrin tó lè rà á ń dín kù. N kò ní kí a di gbogbo ẹ̀bi ru kílọ́ọ̀ṣì. Bí ọ̀kadà ṣe di iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń jà dupò ní gáréèjì wà lára rẹ̀, ìbẹ̀rù ìjàǹbá náà wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé Kútọnu yóò rí obìnrin tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé lórí alùpùpù ara rẹ̀. Ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni gbogbo wọn. Kò sí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó kọ alùpùpù.

Àwọn tó wá ń san owó ńlá báyìí láti bọ́ lọ́wọ́ irin kílọ́ọ̀ṣì kò jọ àwọn tí mo ti ń sọ̀rọ̀ wọn bọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó ń fi alùpùpù sáré nínú igbó, lórí òkúta àti ẹrẹ̀, fún eré ìdárayá. Alùpùpù wọn ga, ó fúyẹ́, irin kílọ́ọ̀ṣì sì wà lápá òsì rẹ̀. Bí wọ́n bá gun òkè olókùúta fún wákàtí kan, ọwọ́ òsì wọn á kú tipiri. Ní 2002, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Rekluse sílẹ̀ ní ìlú Boise, ní ìpínlẹ̀ Idaho, tó ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì òtòmátíìkì tí èèyàn lè rà lọ́tọ̀ kó fi sínú alùpùpù ọlọ́wọ́ tó ti ní tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Nígbà tó yá wọ́n ṣe àwo kan tí irin kéékèèké wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá yára, àwọn irin náà á fà sí ẹ̀gbẹ́, àwo náà á sì nípọn sí i, á ti àwọn tó kù mọ́ra.

Mo ka bí wọ́n ṣe ń fi í sínú alùpùpù, mo sì ka á fún bàbá mẹkáníìkì. Wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ òsì alùpùpù lélẹ̀ kí ọ́ìlì má bàa dà nù, nítorí apá ọ̀tún ni kílọ́ọ̀ṣì wà. Wọ́n á tú ìdérí rẹ̀, wọ́n á yọ sípíríǹgì, wọ́n á kó àwọn àwo jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á rẹ àwọn tuntun sínú ọ́ìlì kí wọ́n tó tò wọ́n padà, èyí tó ní irin nínú á sì wà láàárín wọn. Ibi tí bàbá ti dá mi dúró pé kí n tún un kà ni ibi ìdánwò rẹ̀. Wọ́n á mú rọ́bà tí a fi ń di owó, wọ́n á fi kọ́ irin kílọ́ọ̀ṣì kó máa fà á wọlé díẹ̀. Wọ́n á jí ẹ́ńjìnì nígbà tí jíà wà ní fíríì, wọ́n á sì fún un níná lẹ́ẹ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá jókòó dáadáa, irin kílọ́ọ̀ṣì á fúnra rẹ̀ sún wọlé bí i mìlímítà 3. Bí kò bá sún, kò dáa. Bó bá sún jù, kò dáa. Wáyà ni wọ́n á fi tún un ṣe títí yóò fi gún. Bàbá ní iṣẹ́ gidi nìyẹn, pé ẹni tó ronú kan rọ́bà owó ti bá kílọ́ọ̀ṣì jẹ, ó ti bá a mu.

Kò sọ irin kílọ́ọ̀ṣì di asán. Ẹni tó bá fẹ́ ṣì lè fà á. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Alùpùpù tó dúró sí jíà lórí òkè, bí ẹ́ńjìnì bá ti kú, á yí lọ nítorí kò sí ohun tó di táyà mú. Èyí tó sì ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́, tí jíà rẹ̀ wọlé, bí ọmọdé bá fọwọ́ kan ibi tí a ti ń fún un níná, á fò lọ. Rekluse yìí kan náà tún ń ta búréèkì ẹ̀yìn tí a lè gbé sí ọwọ́ òsì. Ẹni tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò lágbára tó láti tẹ búréèkì lè tipa bẹ́ẹ̀ máa gun alùpùpù. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe fún eré àwọn olówó kúrò ní eré lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń dáko lójú ọ̀nà Ìjàyè. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kò sí ohun tí kò lè fi ìka méjì tó kù ṣe lóko, ó ń kọ ebè, ó ń fi àdá pa koríko. Irin kílọ́ọ̀ṣì nìkan ni kò lè fà. Boxer tó fi ń kó ẹ̀gẹ́ wà lábẹ́ òrùlé, ó fi tapólì bò ó. Ó gba ọmọkùnrin kan láti máa gùn ún fún un, owó tí ọmọ náà ń mú wálé ń dín kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì gba alùpùpù rẹ̀ padà.

Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe lọ bá bàbá mẹkáníìkì. Mo fi àwòrán àwo Rekluse hàn án lórí fóònù. Ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, kànnàkànnà náà ni.” Ṣùgbọ́n ó tú kílọ́ọ̀ṣì Boxer kan sílẹ̀ níwájú mi kí n lè rí ohun tó le nínú rẹ̀. Àwọn àwo Amẹ́ríkà yẹn, ìwọ̀n alùpùpù eré bíi KTM àti Yamaha YZ ni wọ́n gé wọn sí, owó ọ̀kan sì ń lọ sí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún dọ́là. Mo bi í pé, “Bàbá, ẹ ò lè yọ ti lédíìsì kí ẹ fi sínú Boxer?” Ó ní ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣìnà nìyẹn. Kílọ́ọ̀ṣì lédíìsì wà lórí irin tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ń yí, ti Boxer wà lórí irin jíà, tí kì í yára tó ti ẹ́ńjìnì. Irin kéékèèké tó ń fà dáadáa níbi àkọ́kọ́ kò ní fà tó níbi kejì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti Boxer ní láti wọn ìwúwo irin tuntun kó sì gé e. Ó ní òun lè gé irin, ṣùgbọ́n òun kò ní ẹ̀rọ tí yóò gé mẹ́fà kí wọ́n wúwo bákan náà, bí ọ̀kan bá sì fi díẹ̀ wúwo ju àwọn tó kù lọ, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Mo béèrè bóyá a lè gbé irin kílọ́ọ̀ṣì sí apá ọ̀tún. Ó ní òun ti rí i rí, pé ọwọ́ kan ṣoṣo á máa fún un níná, á máa tẹ búréèkì iwájú, á tún máa fa kílọ́ọ̀ṣì. Lójú ọ̀nà títẹ́jú, ó ṣeé ṣe. Nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn, kò lè dá irú rẹ̀ lábàá fún ẹni tó ní ọmọ.

Lédíìsì 110cc kan tó ti lò díẹ̀ ni wọ́n wá rà níkẹyìn. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń kí i ní “ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa.” Kì í dá wọn lóhùn. Ẹrù tí Boxer ń gbé lẹ́ẹ̀kan, ó ń pín in sọ́nà mẹ́ta, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń lọ sóko tó ń bọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá hú ẹ̀gẹ́. Ìyàwó rẹ̀, tí kò fọwọ́ kan Boxer rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, ló ń gun ìrìn kẹta báyìí.